Ṣadé Ti Kó Lọ

Joubert Park, Johannesburg, Sátidé, oṣù Kẹjọ 2014

Mo mú ìwé ìròyìn tí a fẹ́ kà dání, mo lọ kan ilẹ̀kùn Ṣadé láàárọ̀ yìí. Ọkùnrin tí n kò rí rí ló ṣílẹ̀kùn. Ó ní àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ti kó lọ sí Durban lánàá.

Eish. Ẹni tí a jọ ń kọ́ òyìnbó!

Ọ̀rọ̀ ìrìn la ń kà lọ́sẹ̀ yìí: walk, run, cross at the robot, iná ojú pópó tí wọ́n ń pè ní robot níbí. Ṣadé ní kí n wí tẹ̀lé òun, "We are moving on Friday," a ń kó lọ ní Fúráìdé. Mo ní, "Ṣé kì í ṣe 'We will move' ni?" Ó ní, "Rárá, bí a ṣe ń sọ nǹkan tí a ti pinnu nìyẹn." Mo rò pé àpẹẹrẹ ni.

Mo pè é. Ó ní, "Ṣebí mo sọ fún ọ."

"Ṣadé, o kò lè sọ ọ́ ní Yorùbá?"

Ó ní ọkọ òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́.

Ẹnikẹ́ni. Èmi tí mo pọn ọmọ rẹ̀ lọ sí ọsibítù.

Ǹ bá ti bá a di ẹrù.