Ẹ̀rọ Omi Tó Jóná Lọ́wọ́ Mi

Bàbá mi, ọ̀gá mi,

Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ ìwé yìí. Mo ṣì wà ní Awoyaya, yàrá tí ẹ bá mi kùn ní ọ̀dà náà ni mo ṣì ń gbé. Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń rọ omi sínú ike, níbi Free Zone, ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti oṣù mẹ́jọ báyìí. Àwa méjì là ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ tó ń fa omi: èmi, àti ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Rótìmí. Ọ̀rọ̀ Rótìmí yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ, torí gbogbo ẹni tí mo bá sọ ọ́ fún ló ń ní kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Rótìmí ní ìwé ẹ̀rí pólì, èmi ò ní. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní wáyà wíwé sínú ẹ̀rọ lábẹ́ páànù wa ní Ajah. Bí mo bá tún ẹ̀rọ kan ṣe, á sáré lọ bá mánijà, á ní òun lòun ṣe é. Bí mo bá lanu níbi ìpàdé, á ní, "Ẹ má dá a lóhùn jàre, ẹ̀gbẹ́ títì ló ti kọ́ṣẹ́." Mo ń gbé e mì. Ẹ mọ̀ mí, tí inú bá bí mi, ẹkún ni mo máa ń sun, mi ò sì fẹ́ sunkún lójú rẹ̀.

Mo máa ń rántí bí ẹ ṣe ń fi ẹnu sùkùdíráfà kan ara ẹ̀rọ, tí ẹ ó fi ìdí rẹ̀ ti etí, tí ẹ ó dijú. Ẹ ó ní, "Bẹ́rìn ẹ̀yìn ló ń sunkún." Tí a bá tú u, irin tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ yí yẹn náà la máa ń bá tó ti jẹ; ẹ kì í ṣì í. Mo ti bá àwọn ẹnjiníà ṣiṣẹ́, Bàbá, mi ò tíì rí irú yín.

Ṣùgbọ́n èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ọ̀rọ̀ Alájì tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tiwa. Òun ló ń sọ fún àwọn oníbàárà pé wáyà àlòkù lẹ̀ ń fi sínú ẹ̀rọ wọn. Nígbà tí ọ̀kadà gbá a, tó fi kán lẹ́sẹ̀, ẹ kó àwọn ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹ ṣe wọ́n tán, ẹ sì sọ fún àwọn tó ni wọ́n pé iṣẹ́ Alájì ni. Mo bínú sí yín lọ́jọ́ náà. Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ ti gbàgbé ohun tó ń sọ nípa yín ni?" Ẹ ò gbójú sókè. Ẹ ní, "Mo rántí. Gbé wáyà yẹn wá."

Báwo lẹ ṣe ṣe é? Àbí kò dùn yín ni?

Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ẹ̀rọ omi tó tóbi jù níbi iṣẹ́ wa jóná. Èmi ni mo wé wáyà rẹ̀, kò sì ju ọjọ́ mẹ́rin lọ tí mo ṣe é tán. Kí n tó débẹ̀, Rótìmí ti mú mánijà wá. Obìnrin ni mánijà wa, Ma la máa ń pè é.

"Ma, mo sọ fún yín," ni Rótìmí ń wí. "Kò mọ̀ ọ́n wé."

Mánijà yíjú sí mi. "Tí omi ò bá yọ títí ọ̀la, mi ò ní lè gbèjà ẹ mọ́ o."

Ó ń ṣe mí bíi kí n dá Rótìmí lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹ kì í jẹ́ kí n bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ẹ̀rọ tí a kò tíì tú. Mo ní, "Ma, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró kí n tú u lójú yín."

Wáyà mẹ́ta ni iná ń gbà wọ inú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìdì wáyà tirẹ̀ nínú. Ìdì méjì ti dúdú bí èédú. Ìkẹta ń dán bí ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wé e. Mo ṣàlàyé fún Ma pé ká ní wíwé mi ni kò dáa, kò ní jó báyìí. Iná ni kò dé ọ̀dọ̀ ọ̀kan, méjì wá ń ru ẹrù mẹ́ta. Mo pa iná, mo lọ sídìí àpótí tí iná ti ń wá, mo fọwọ́ kan wáyà kẹta. Ó yọ sí mi lọ́wọ́.

"Ta ló de wáyà yìí?" ni mánijà bi wá.

Òógùn bo iwájú orí Rótìmí. Bàbá, gbogbo ohun tí mo ti ń gbé mì láti oṣù mẹ́jọ ló wá sí mi lẹ́nu. Mo tún rò ó pé kí n ṣe bíi tiyín, kí n ní mi ò mọ̀. Mi ò lè ṣe é. Ọkàn tí ẹ ní, mi ò ní in.

"Rótìmí ni, Ma," mo ní. "Ṣùgbọ́n èmi ni mo tan ẹ̀rọ náà. Ó yẹ kí n yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó tàn án, mi ò yẹ̀ ẹ́ wò."

Ibi tí agbára mi mọ nìyẹn. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ̀ bá sọ?

Mánijà fún Rótìmí ní ìwé ìkìlọ̀, ó sì ní kí àwa méjèèjì jọ tún un ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú. A jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mò ń wé, ó ń tú wáyà fún mi. Nígbà tó yá, mo rí i pé ọwọ́ mi ló ń wò.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ta ló kọ́ yín?"

Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò pè mí ní "ẹ" rí.

"Bàbá mi ni." Mo dárúkọ yín fún un, mo ní Ajah lẹ ti kọ́ mi.

"Ṣé Ajah ni wọ́n ṣì wà? Màá fẹ́ kí ẹ mú mi dé ọ̀dọ̀ wọn."

Mo wé ìdì tó wà lọ́wọ́ mi tán kí n tó lè dá a lóhùn. Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́ pé ẹ ti lọ. Rótìmí ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Ó gbé wáyà sílẹ̀, ó ṣí fìlà, ó ní, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù." Ẹkún tí mo ti ń fi pamọ́ fún un láti oṣù mẹ́jọ, ojú rẹ̀ náà ni mo ti sun ún.

Omi yọ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tó ń fi yín yangàn níbi gbogbo.