Bátìrì Èènì Tó Dá Ọmọlanke Ọlámidé Dúró

Agboolé Ògúntúndé,
Ìkòsì, Kétu.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Olúrántí ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Àbújá ọ̀hún? Ìyàwó rẹ ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́? Mo kí ọ nítorí pé ẹni tó bínú tí kò lè kí ọmọ rẹ̀, ìbínú ti di baálé lé e lórí. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ, ọ̀gá rẹ kò ní fi ojú burúkú wò ọ́. Àmín. Àdúrà parí, ó ku ọ̀rọ̀.

Inú ń bí mi. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, n kò bẹ ẹnikẹ́ni, nítorí Aunty Dorothy tó ń kọ́ àwa àgbàlagbà níwèé ní Kétu ti sọ pé mo ti kúrò lára àwọn tó ń tẹ̀ka. Bí ibì kan bá wọ́ nínú rẹ̀, kì í ṣe pé n kò mọ̀ ọ́n kọ, ìbínú ló ń ti bírò. Mo lè pè ọ́, ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí mo bá ń bá ọ wí lórí fóònù lo máa ń sọ pé nẹ́tíwọ̀kì kò dára. Ìwé kò ní nẹ́tíwọ̀kì. Jókòó kí o kà á tán.

Ọjọ́ Àìkú lo pè wá lórí fóònù tó ń gbé ojú ènìyàn. Mo ti wẹ̀, mo ti wé gèlè, mo sì gbá ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú, nítorí n kò mọ ibi tí ojú fóònù náà lè rìn dé. Ọlámidé ọmọ rẹ gbé ọmọlanke rẹ̀ kalẹ̀ ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Mo mọ̀ pé róbọ́ọ̀tì lẹ ń pè é, ṣùgbọ́n ohun tó ní pákó, tó ní táyà, tó sì ń ru ẹrù, ọmọlanke ló ń jẹ́ ní Mile 12. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé èyí kò ní ẹni tó ń tì í, kì í sì í bú ènìyàn pé kó yà lọ́nà. Ó gbéra, ó rìn díẹ̀, ó ń pòòyì bí ewúrẹ́ tó jẹ ohun tí kò yẹ, ó sì dúró. O rẹ́rìn-ín. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ tó jókòó tì ọ́ náà rẹ́rìn-ín, mo gbọ́ wọn. O wá ní kí ọmọ kó pàǹtí yẹn kúrò nílẹ̀, pé bí sáà yìí bá parí o máa wá mú un kúrò lọ́dọ̀ mi lọ sí Àbújá, níbi tí kò ti ní ráyè ìranù.

Lójú ẹsẹ̀ ni Ọlámidé ti ọmọlanke náà sábẹ́ ibùsùn. Ó ní òun kò ní gbé e lọ sílé ìwé lọ́jọ́ Ẹtì tí wọ́n fẹ́ wo ti gbogbo wọn, pé òun kò mọ ẹ̀rọ ṣe. Ọmọ tó máa ń sọ̀rọ̀ títí kan ojú oorun wá dákẹ́ bíi rédíò tí kò ní bátìrì. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a ó fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Ìwọ fi òsì nà án, o sì fi ọ̀tún pa fóònù.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí o kò mọ̀ fún ọ. Kí ọjọ́ Àìkú náà tó dé, èmi àti ọmọ náà la jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Muideen, ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara rédíò àti fáànù nítòsí ibi tí wọ́n ti ń wọ kẹ̀kẹ́ ní Kétu. Ó kó ẹ́ńjìnnì kéékèèké oríṣi méjì sílẹ̀, irú èyí tó ń yí táyà. Ọ̀kan ń dán, ó ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Èkejì wà nínú ilé rọ́bà aláwọ̀ ìyeyè, ó ń yí jẹ́jẹ́. Èyí tó ń sáré ni mo fẹ́ mú, nítorí ọmọ wa kò gbọ́dọ̀ kẹ́yìn. Ọlámidé ní kí n fi ìka méjì di ọ̀pá rẹ̀ mú. Mo dì í mú, ó kú síbẹ̀. Mo di ti èkejì mú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bó mi níka. Ó ní jíà ló wà nínú rẹ̀, pé eyín jíà náà ló ń gba eré lọ́wọ́ rẹ̀ tó sì ń fi agbára dípò. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí, nítorí ẹni tó bá rọra pa èèrà ló ń rí ìfun inú rẹ̀. Ó sì tún dínwó ju ti eléré lọ, òun la rà. Ṣé ọmọ tó mọ èyí ni o ní ó ń ṣe ìranù?

Ó kan bátìrì. Muideen gbé bátìrì ọ̀kadà jáde, mo gbé e wò lọ́wọ́, ó wúwo bí iṣu tó gbó, mo ní èyí la ó rà. Ọlámidé ní bí ọmọlanke òun bá ru ìyẹn, kò ní lè ru nǹkan mìíràn mọ́. Ó mú mẹ́rin nínú àwọn kéékèèké, nítorí àyè mẹ́rin ló wà nínú àpótí bátìrì rẹ̀.

Mo sanwó, mo sì béèrè èènì. Muideen ní Mama, bátìrì kì í ní èènì. Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Mo ń ra ata ní Mile 12 láti ìgbà tí bàbá rẹ ti wà láyé, n kò gbé ata kúrò nílẹ̀ rí láìgba èènì, kódà nígbà tí tòmátò di wúrà, wọ́n ṣì ń sọ ọ̀kan lé e fún mi. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹni tó fẹ́ wọlé kò rí ọ̀nà, ẹni tó fẹ́ jáde kò rí ọ̀nà, títí ó fi mú bátìrì kan látinú dúrọ́ọ̀, tó ní kí n jọ̀wọ́ máa lọ. Mo ṣàdúrà fún un. Mo ti gba àdúrà náà padà.

Nígbà tí a délé, Ọlámidé fi mẹ́rin tuntun sínú àpótí, ó ní ẹ̀karùn-ún kò ráyè. Èmi sì mọ̀ pé a kì í pa èènì tì, ìbùkún ọjà ni. Nítorí náà ní òwúrọ̀ Àìkú, bí ọmọ ṣe lọ wẹ̀, mo yọ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin, mo fi èènì rọ́pò rẹ̀ kí ìbùkún lè wọ ọmọlanke náà kó tó dé iwájú rẹ, mo sì fi èyí tí mo yọ sínú tọ́ọ̀ṣì mi kékeré tó ń jẹ bátìrì kan ṣoṣo. Tọ́ọ̀ṣì náà ń tàn yòò. Òun nìkan ló ṣe dáadáa lọ́jọ́ náà.

Lánàá ni mo gbé ọmọlanke náà sínú báàgì, mo lọ bá Muideen jà. Mo ní òkú ẹ́ńjìnnì ló tà fún wa. Ó ṣí i, ó wo àwọn bátìrì náà, ó bi mí pé ta ló fi arúgbó sáàárín àwọn ọ̀dọ́. Ó ní èènì tí òun fún mi, inú aago ara ògiri lòun ti yọ ọ́, pé ó ṣì lè ti ọwọ́ aago ṣùgbọ́n kò lè ti táyà, àti pé bí ògbólógbòó kan bá wọ àárín àwọn tuntun, òun ló ń fa gbogbo wọn sẹ́yìn. Ojú mi pọ́n. Mo ní láti ìgbà tí ọjà ti ń jẹ́ ọjà, ta ló gbọ́ pé èènì ba ohun tí a rà jẹ́? Ó ní Mama, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ní ẹ kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi? Àwọn ènìyàn ti ń pé jọ. Mo sọ fún un pé ẹni tó gbé adìẹ òtòṣì, ti aláròyé ló gbé, mo sì la bátìrì náà mọ́ tábìlì rẹ̀, mo ní kó gba èènì rẹ̀. Olúrántí, láti ìgbà tí agboolé wa ti wà ní Ìkòsì, èmi ni ẹni àkọ́kọ́ tó máa dá èènì padà.

Mo délé, mo yọ bátìrì inú tọ́ọ̀ṣì mi, mo pe Ọlámidé, mo rò fún un. Mo ní ọwọ́ mi ló fi í síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀tàn náà ti Muideen ni, ẹ̀rín náà sì ti bàbá rẹ̀. Kò sí èyí tó jẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ náà gba bátìrì náà, ó fi í padà sínú àpótí. Ó ní Màmá Àgbà, ṣé ó ku ìbùkún mìíràn tí ẹ fi síbẹ̀? Mo ní kò sí, àyàfi epo pupa díẹ̀ tí mo fi pa táyà òsì nítorí ó ń ké. Ó lọ mú àkísà, ó nù ún.

Ó gbé e kalẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà yàrá. Mo bọ́ awò ojú mi, mo gbé e lé ọmọlanke náà lórí, mo lọ jókòó síta. Ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́, kò yà, kò pòòyì, ó gba ọ̀ọ̀dẹ̀ kọjá, ó sì gbé awò náà dé ẹsẹ̀ mi. Òun ni mo wọ̀ báyìí tí mo fi ń kọ ìwé yìí sí ọ.

Awakọ̀ tó ń lọ sí Àbújá ni mo ń fi lẹ́tà yìí rán, yóò dé ọwọ́ rẹ lọ́la. Nítorí náà, pè wá lọ́jọ́bọ̀, kí ọjọ́ Ẹtì tó dé. Kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ wọ̀nyẹn jọ, kí wọ́n jókòó síbi tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín. Ẹ ó wò ó títí yóò fi dé ẹsẹ̀ mi, ìwọ yóò sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ rẹ. Ọ̀rọ̀ pé o fẹ́ mú un lọ sí Àbújá, má tún sọ ọ́ sí mi létí. Bí o bá ní ọmọ rẹ ni, ìwọ alára, ọmọ ta ni ọ́?

Fi owó bátìrì ránṣẹ́, kí ọmọ ní àfidípò lọ́jọ́ Ẹtì, kí tọ́ọ̀ṣì mi náà sì ríran. Bí ó bá dé, báǹkì yóò sọ fún mi, wọ́n mọ ènìyàn í kí. Lóṣù tó kọjá wọ́n kí mi kú ọjọ́ ìbí nígbà tí ìwọ kò rántí. Mo kọ èsì padà, mo béèrè àwọn ọmọ wọn. Wọn kò tíì dáhùn, ó ní láti jẹ́ pé iṣẹ́ ló pọ̀.

Ọlọ́run yóò gbé ọ ga, ọmọ tí o bí kò ní fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Owó bátìrì gan-an ni kí o fi ránṣẹ́ o. Má fi èènì kún un.

Èmi ìyá tó bí ọ,
Àpèkẹ́ Ògúntúndé.