Mo Gbàgbé Filter Lẹ́nu Ẹ̀rọ Tó Ń Ka Eruku

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi... admin, ẹ má gbé orúkọ mi jáde. Èmi ni mo sọ fún Bàbá Ṣadé pé eruku ibi iṣẹ́ wọn kò lè ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Wọ́n ti kú báyìí.

Yaba ni ọ́fíìsì wa wà. Iṣẹ́ mi ni kí n máa gbé ẹ̀rọ kan tó ń ka eruku kiri àwọn ibi iṣẹ́. Á fa afẹ́fẹ́ sínú, á ka iye eruku inú rẹ̀, á sì sọ bí ó ṣe tóbi tó, torí èyí tó kéré débi pé ojú ò rí i gan-an ló ń wọ ẹ̀dọ̀fóró lọ jókòó. Kí a tó lò ó, a máa ń fi filter kékeré kan tí eruku kì í gbà kọjá dí i lẹ́nu kó kọ́kọ́ ka zero, ká lè mọ̀ pé kò ní parọ́. Tó bá ti ka zero, yọ filter, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́... gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ọ̀sẹ̀ kẹta mi lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n rán mi lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gé òkúta mábù ní Muṣin. Bàbá Ṣadé ló ń gé e, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ọlọ́yàyà èèyàn. Wọ́n fi fìlà ara wọn nu bẹ́ǹṣì kí n lè jókòó, wọ́n ní ọmọ tó kàwé tó báyìí, eruku ni wọ́n ní kó wá máa kà! Eruku funfun bò wọ́n dé ìpéǹpéjú bí ẹni tó ṣubú sínú láfún, aṣọ kan ni wọ́n fi so imú. Ẹ̀rọ mi ò rí nǹkan kan kà. Mo fi ojú ara mi rí eruku o, àmọ́ wọ́n ti kọ́ wa pé èyí tí ojú rí kọ́ ló burú jù, mo bá gba ẹ̀rọ gbọ́ ju ojú mi lọ. Mo ní bàbá, afẹ́fẹ́ yín mọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tú aṣọ imú wọn, wọ́n ní ooru rẹ̀ ti ń pa àwọn tipẹ́.

Mo dé ọ́fíìsì, mo tú báàgì, filter ṣì wà lẹ́nu ẹ̀rọ... Mo ti fi àbájáde ránṣẹ́ láti ojú ọ̀nà, report ti dé ọwọ́ ẹni tó ni ibẹ̀. Probation ni mo wà, ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á lé mi. Mo yọ filter, mo dákẹ́. Mo ní tí wọ́n bá pè wá lọ́dún tó ń bọ̀, màá tún un ṣe. Wọn ò pè wá mọ́.

Ọjọ́ Tuesday tó kọjá, mo gba ibẹ̀ kọjá, mo ní kí n yà kí bàbá. Ìyá Ṣadé, ìyàwó wọn, ni mo bá, wọ́n wá kó ẹrù ọkọ wọn. Wọ́n ní ikọ́ ló pa bàbá, ikọ́ tí ò lọ, títí bàbá ò fi lè rìn dé ẹnu ọ̀nà mọ́. Dókítà ti ní kí bàbá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, àmọ́ bàbá ní rárá, Àǹtí ẹlẹ́rọ ti yẹ ibẹ̀ wò, kò léwu. Ìyá Ṣadé wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo rántí àwọn!

Àbúrò bàbá ló wà nídìí iṣẹ́ náà báyìí, kò fi nǹkan kan bo imú, report tí mo fọwọ́ sí wà nínú férémù lókè orí rẹ̀. Ó bi mí pé Àǹtí, ṣé lóòótọ́ ni ibí ò léwu? Ojú Ìyá Ṣadé wà lára mi. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Kí ló ṣe mí? Kí ló dé tí mi ò lè la ẹnu? Tí mo bá sọ, iṣẹ́ mi lọ, bóyá àtìmọ́lé gan-an ni. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wo Ìyá Ṣadé lójú? Ṣé ọ̀gá mi ni kí n kọ́kọ́ sọ fún ni, àbí kí n gba Muṣin lọ tààrà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn, torí bí mo ṣe ń kọ èyí lọ́wọ́, ọkùnrin yẹn ń gé òkúta.