Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ Ti Ara Rẹ̀ Mọ́ Ìta

Ojúlé Kọkànlá,
Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé.
Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹta.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Orúnkún rẹ ń kọ́? Ọkọ rẹ ń kọ́, ṣé ó ṣì ń bá rédíò jiyàn? Ara èmi le, àfi ọkàn mi tí kò balẹ̀. Olùkọ́ kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà wa ní ìkọ̀wé mi ti ń tọ́, ṣùgbọ́n bí o bá rí àṣìṣe níbẹ̀ lónìí, má bínú.

Ọ̀rọ̀ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọmọ ọmọ mi, ni. O mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ tó gbà á ló ń bá àwọn oníṣòwò bójú tó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tó so kọ̀ǹpútà wọn pọ̀. Láti pálọ̀ mi níbí ló ti ń wọ inú ẹ̀rọ wọn, pẹ̀lú àṣẹ. Wọ́n ṣì ń dán an wò lẹ́nu iṣẹ́ náà, wọn ò tíì gbà á pátápátá. Lánàá ni ọ̀gá rẹ̀ kọ́kọ́ fi ilé ìwòsàn kan lé e lọ́wọ́ lóun nìkan. Gbogbo àdúgbò ló ti gbọ́ lẹ́nu mi.

Láàárọ̀ yìí, ó ń ṣàtúnṣe sí àpótí tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ilé ìwòsàn náà, èyí tó ń pinnu ẹni tó lè wọlé. Ó ṣàṣìṣe lórí ìlà àṣẹ kan, ló bá ti ara rẹ̀ mọ́ ìta. Apòògùn kò rí orúkọ oògùn mọ́, nọ́ọ̀sì kò rí fáìlì aláìsàn. Akọ̀wé wọn pè é lórí fóònù.

"Ṣé kí n yọ wáyà ẹ̀ ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó máa padà fúnra ẹ̀."

"Ìwọ jókòó sílé o. Èmi ni wọ́n ń bú níbí."

Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Kí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó fọwọ́ kan àpótí náà, ó ti pàṣẹ fún un pé bí kò bá gbúròó òun, kó pa ara rẹ̀, kó sì jí padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó ní bí akọ̀wé bá lọ yọ wáyà tí kò yẹ, ọ̀ràn á di méjì. A jókòó, ó ń jẹ èékánná. Nígbà tó yá, ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti wọlé padà, ilé ìwòsàn náà sì ti ń rí fáìlì wọn.

Mo ní, "Ó ti tán. Ta ló máa mọ̀? Pa ẹnu ẹ mọ́."

Ó ní, "Màmá, òótọ́ kì í ṣìnà, irọ́ ní ń forí gbọgbẹ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Bí mi ò bá sọ, ẹni tó máa ṣe é lẹ́yìn mi á jìn sí kòtò kan náà."

Ló bá pe ọ̀gá rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀gá ní kó máa bọ̀ ní ọ́fíìsì, kó sì gbé kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ dání.

Àbúrò mi, kí ni wọ́n fẹ́ fi kọ̀ǹpútà náà ṣe, àbí wọ́n fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni? Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n lè jókòó. Mo gbálẹ̀ pálọ̀, mo tún un gbá. Òtítọ́ tí mo kọ́ ọmọ náà ló ń dẹ́rù bà mí yìí, síbẹ̀ orí mi ń wú.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti gbogbo ilé, ṣùgbọ́n má tíì sọ fún wọn. Ọmọ náà kò tíì dé; àyè kọ̀ǹpútà náà ṣófo lórí tábìlì. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé nǹkan kan síbẹ̀.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Ìyá Àgbà.