Ọjọ́ Tí Mo Sọ Pé Mi Ò Tíì Mọ̀ Ọ́n

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo kí ìyàwó wa àti àwọn ọmọ. Orúnkún Màmá ti fúyẹ́. Wọ́n ti ń gun àtẹ̀gùn láìdi ògiri mú.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti ríṣẹ́! Ìwé "ẹ má bínú" mọ́kànlá ni mo ti gbà ṣáájú. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni iléeṣẹ́ yìí pè mí wá dáhùn ìbéèrè. Lọ́jọ́ ìkẹyìn, àwọn mẹ́ta jókòó tì mí, wọ́n ní kí n tún ètò orí kọ̀ǹpútà kan tó ń ṣàṣìṣe ṣe lójú wọn. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ bá afẹ́fẹ́ lọ. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mi ò tíì mọ ibi tó ti bàjẹ́, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n máa wá a."

Obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá wọn rẹ́rìn-ín. "Àwọn tó ṣáájú ẹ ń díbọ́n pé àwọn mọ̀ ọ́n ni. Ó yá, jẹ́ ká jọ wá a."

Ọkàn mi balẹ̀, mo sì rí i.

Ọjọ́ Ajé ni mo máa bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́run á jẹ́ ká fojú rínjú láyọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún Bàbá, torí wọ́n ti gba rédíò mẹ́ta sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò, wọ́n ní mo máa tún wọn ṣe.

Èmi àbúrò yín.