Àbámodá Ojú Fèrèsé

Oyèlọlá, ìyàwó Múìdéènì ọmọ mi,

Bí o bá ti ibi iṣẹ́ òru dé, má tíì sùn. Ewé kan ti bu nísàlẹ̀ àbámodá rẹ tó wà lójú fèrèsé pálọ̀, ó hu funfun bí òwú. Mo ti gbé ìkòkò rẹ̀ kúrò láàárín àwọn yòókù. N kò já ewé náà o, torí omi ṣì wà lára rẹ̀. Ìwọ lo sọ pé ibi tí a bá ti fi ọwọ́ olómi já ewé ni àrùn ń gbà wọlé. Abẹ rẹ nìyí lórí tábìlì, mo ti fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́.

Mo ń lọ rí télọ̀ l'Ọ́tà. Kí n tó jáde, mo fẹ́ sọ ohun tí n kò sọ lójú rẹ rí: ọwọ́ rẹ dára. Èéfín ilé iṣẹ́ ń sọ fèrèsé gbogbo ará Sángo di dúdú, ewé tìrẹ ń dán, torí o máa ń nù wọ́n bí ẹni ń nu ojú ọmọ.

Àlàájà Mọ̀nsúrát ti ilé kejì wá fẹ́ já nínú ewé àbámodá rẹ láàárọ̀ yìí, fún ikọ́ ọmọọmọ rẹ̀. Omi àlùwàlá ṣì ń kán lọ́wọ́ rẹ̀! Mo dí i lọ́nà, mo ní kó dúró dè ọ́. Inú bí i.

Ó ní, "Bàbá Múìdéènì, ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ pé oúnjẹ ewúrẹ́ ni ìyàwó yín ń kó sí pálọ̀?"

Mo ní èmi ewúrẹ́ náà ti di mẹ́gáàdì oúnjẹ náà.