Ọwọ́ Tó Ń Bọ́ Ọmọ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ara mi le, bí a bá yọ ti orúnkún tó ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́ kúrò. Mo gbàgbọ́ pé àlàáfíà lẹ̀yin náà wà, ẹ ó sì máa wà bẹ́ẹ̀.

O béèrè nípa ọmọbìnrin kékeré tí mò ń tọ́jú níbi iṣẹ́, nílé ìtọ́jú àwọn ọmọ aláàbọ̀ ara, èyí tí kò ríran, tí kò lè sọ̀rọ̀, tí kò sì lè dá ọrùn gbé. Ikọ́ ni kò fi í sílẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà ní tó bá tún rí bẹ́ẹ̀, òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé á padà wá.

Ìwọ náà mọ̀ mí, n kì í sun àsùnpiyè. Bí ikú ilé kò pani, tòde kò lè pani. Mo ní ẹnìkan nínú wa ló ń ṣe ọmọ yìí. Òṣìṣẹ́ tuntun kan tí a ń pè ní Jẹ́jẹ́ ni mo fura sí. Èmi máa ń bọ́ ọmọ náà tán ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Jẹ́jẹ́ á ti ilẹ̀kùn, á pa rédíò, á sì lo wákàtí kan gbáko. Kí lèèyàn ń fi abọ́ oúnjẹ lílọ̀ kan ṣe fún wákàtí kan? Mo yọ́ lọ sójú fèrèsé, mo rí i tó tẹ orí ọmọ síwájú, tó di àgbọ̀n rẹ̀ mú. Háà! Mo ní ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wàyí. Mo fi tó ọ̀gá létí, ọ̀gá sì gbé Jẹ́jẹ́ lọ sí ibi ìfọṣọ.

Ikọ́ kò lọ o, ṣe ló burú sí i. Ó yẹ kí n ronú, n kò ronú. Mo ní bóyá ó ti ṣe ohun tó fẹ́ ṣe kó tó lọ.

Ìgbà náà ni wọ́n mú olùkọ́ kan wá kọ́ wa níṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo fura sí òun náà. Ọkùnrin tó ń dùbúlẹ̀ lórí ẹní pẹ̀lú àwọn ọmọ, tó ń sọ fún ọmọ tí kò fèsì pé, "Mo fẹ́ gbé ọwọ́ rẹ o," kó tó gbé e, tó tún ń kọ nǹkan sínú ìwé! Mo sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé amí ni, kí wọ́n ṣọ́ ẹnu wọn. Ogún ọdún ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ta ló fẹ́ wá kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń mú ṣíbí?

Lọ́jọ́ kejì, ó ní ká bọ́ ara wa. Ó fi aṣọ dì mí lójú, ó ní kí awakọ̀ wa bọ́ mi bí mo ṣe ń bọ́ ọmọ. Tìgbéraga-tìgbéraga ni mo fi ṣàlàyé: "Gbé orí mi sẹ́yìn dáadáa, kó lè yọ̀ wọlé. Má fi àkókò ṣòfò." Ọmọ mi, ṣíbí kejì gba ibi tí kì í ṣe ọ̀nà rẹ̀. Mo wúkọ́ títí oúnjẹ fi gba imú jáde, mo gbá abọ́ dànù. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó rọra ní, "Mà, ẹ̀yin rọ́wọ́ gbá a dànù. Ọmọ tí kò lè gbọ́wọ́ ńkọ́?"

Mo jókòó síbẹ̀, n kò fẹ́ tú aṣọ lójú. Èmi ni. Ọwọ́ èmi tí mo ní mo fẹ́ràn rẹ̀ jù lọ ló ń da oúnjẹ sí i ní ẹ̀dọ̀fóró, ẹni tó ń tẹ orí rẹ̀ síwájú, tó mọ̀ ọ́n bọ́, ni mo sì lé lọ fọṣọ.

Mo sunkún. Mo lọ jẹ́wọ́ fún ọ̀gá, mo sì ní èmi fúnra mi ni n ó sọ fún ìyá ọmọ náà. Nígbà tó dé, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, èmi àgbà, mo rò ó látòkèdélẹ̀. Èébú ni mo ń retí, bóyá ọlọ́pàá pàápàá. Ó di apá mi mú. Ó ní, "Mà, ẹ dìde. Ẹ kọ́ mi. Bí èmi náà ṣe ń bọ́ ọ nílé nìyẹn."

Ọmọ mi, ọwọ́ rẹ kò ní ṣe ọmọ rẹ níbi. Ohun tí o kò mọ̀ kò ní pa ohun tí o fẹ́ràn. Ọlọ́run á fi ẹni tó máa kọ́ ọ sọ́nà rẹ, á sì fún ọ ní etí láti gbọ́.

Èmi ni,
Ìyá tó bí ọ.

Díẹ̀ ló kù kí n gbàgbé: Jẹ́jẹ́ ti padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti gbọ́. Kò sọ pé òun ti dárí jì mí. Bí mo bá ti mú ṣíbí báyìí, á fa àga sún mọ́ mi, á máa wo ọwọ́ mi. N kò bínú. Kó máa wò ó.